Mẹ́mọ́rì Tí Rejoice Pààrọ̀

"Kì í ṣe èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ga jù ni ká rà, Àǹtí. Èyí tí kọ̀ǹpútà yín lè gbé ni ká rà."

Rejoice ti tú ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà náà sílẹ̀ lórí tábìlì kó tó sọ̀rọ̀ yìí. Inú rẹ̀ dọ̀tí débi pé ó fi ọwọ́ bo imú. Eruku ti pò mọ́ iyọ̀ tí atẹ́gùn òkun ń gbé wá, ó lẹ̀ mọ́ fáànù bí ikun, aáyán sì ti yé sí igun kan níbẹ̀. Àǹtí Moríkẹ́, àbúrò ìyá rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń wo inú ẹ̀rọ náà bí ẹni tó ń wo egbò. Ṣọ́ọ̀bù fídíò Àǹtí kò jìnnà sí èbúté Igbokoda. Òun ló ń ya fídíò ìgbéyàwó àti ti ìsìnkú fún àwọn ará etí òkun. Rejoice, tí àwọn òbí rẹ̀ ń pẹja ní Zion Pepe, ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ kó lè parí ilé ìwé girama.

"Ṣàlàyé fún mi bíi pé n kò mọ nǹkan kan," ni Àǹtí wí.

"Inú mẹ́mọ́rì ni kọ̀ǹpútà máa ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí. Nọ́ńbà kan ń sọ bó ṣe ń sáré tó. Ìyẹn, bó bá ṣe ga tó ló ṣe yá tó. Nọ́ńbà kejì, tí wọ́n ń pè ní ìdúró, ń sọ bó ṣe ń pẹ́ tó kó tó dáhùn tí kọ̀ǹpútà bá bi í ní nǹkan. Ìyẹn ní tirẹ̀, bó bá ṣe kéré tó ló ṣe dára tó. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fipá mú un kọjá agbára rẹ̀, á máa ṣi nǹkan kó, kò sì ní sọ fún yín."

"Èwo wá ni ká rà?"

"Onínọ́ńbà 3200, tí ìdúró rẹ̀ jẹ́ 16. Ká sì ra méjì tí wọ́n ṣe pa pọ̀, kí wọ́n má bàa máa jà."

Àǹtí Moríkẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọwọ́ rẹ ni mo fi iṣẹ́ yìí sí o."

Wọ́n ránṣẹ́ ra mẹ́mọ́rì náà ní Àkúrẹ́. Ọjọ́ tó dé ni Àǹtí gbé kámẹ́rà rẹ̀, tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Abereke láti lọ ya fídíò Bàbá Olówòkéré, ẹni tó dàgbà jù lábúlé náà. Kò tíì pẹ́ tó lọ tí Godspower fi wọlé.

Kíláàsì kan náà ni Godspower àti Rejoice wà. Òun ni olórí àwọn ọmọ tó máa ń gbá géèmù ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí Rejoice ti fẹ́ wọ ẹgbẹ́ wọn, àmọ́ ṣe ni wọ́n máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́jọ́ yìí, ẹ̀rín ni Godspower bá wọlé. Ó yọ mẹ́mọ́rì méjì kan láti inú àpò, iná pupa àti aláwọ̀ búlúù wà lára wọn.

"Wo tèmi. 3200 ni òun náà, ṣùgbọ́n 14 ni ìdúró rẹ̀. Fún mi ní tìrẹ, kí o mú èyí."

"Tó bá dára ju tèmi lọ, kí ló dé tí o fẹ́ fi ṣe pàṣípààrọ̀?"

Godspower kó wọn lé e lọ́wọ́. Rejoice fi èékánná họ etí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ọ̀kan. Bébà náà ṣí. Gọ́ọ̀mù abẹ́ rẹ̀ ń fà bí ikun imú, ó ń rùn bíi kẹrosíìnì tí wọ́n fi fọ nǹkan tó ti bu. Bébà mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni 2666, ìdúró 19.

Rejoice nu ọwọ́ mọ́ síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. "Godspower, jìbìtì lèyí."

"Jìbìtì wo? Ṣebí ìwọ lo mọ̀ ọ́n tò. Kọ 3200 àti 14 sínú ètò kọ̀ǹpútà fúnra rẹ, kọ̀ǹpútà á jí. Ohun tí Àǹtí rẹ bá rí lójú ẹ̀rọ ló máa gbà gbọ́. Ẹ̀rọ géèmù wa nílò tìrẹ yẹn. A ń lọ fún ìdíje ní Àkúrẹ́, a ó sì fi orúkọ rẹ kún tiwa. Àbí ẹ̀gbẹ́ ààrò ẹja lo fẹ́ jókòó sí títí ayé?"

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ló wọ Rejoice lára. Ó mọ̀ pé kò dára. Síbẹ̀, ó yọ mẹ́mọ́rì Àǹtí rẹ̀, ó gbé e fún Godspower, ó sì ki ti Godspower bọ inú kọ̀ǹpútà.

Nígbà tó kọ́kọ́ tan kọ̀ǹpútà náà, kò jí. Ó tún un tò, ó fi iná díẹ̀ kún ti mẹ́mọ́rì náà, kò jí síbẹ̀. Ìgbà tó jí níkẹyìn, Rejoice bẹ̀rẹ̀ ìdánwò tí wọ́n fi ń yẹ mẹ́mọ́rì wò. Ìlà pupa kan yọ lójú ẹ̀rọ. Òmíràn tẹ̀ lé e, òmíràn tún tẹ̀ lé e, títí tí gbogbo ojú ẹ̀rọ fi pọ́n. Àṣìṣe ni ìlà kọ̀ọ̀kan.

"Pa á," ni Godspower wí. "Ta ló bi ọ́ léèrè ìdánwò?"

Rejoice pa á. Ó wá ya fọ́tò ibi tí wọ́n kọ 3200 sí, ó sì fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ wọn lórí Wasáàpù. Kíá ni oríyìn bẹ̀rẹ̀ sí wọlé. "Rejoice, ìwọ lọ̀gá!" Inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n bó ṣe ń ka ọ̀rọ̀ wọn, àwọn ìlà pupa yẹn kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Àǹtí Moríkẹ́ dé láti Abereke, ó da fídíò náà sínú kọ̀ǹpútà. Ó pa gbogbo ohun tó wà lórí káàdì kámẹ́rà rẹ̀ rẹ́, torí pé ìgbéyàwó kan wà tó tún fẹ́ fi yà. Nínú fídíò yẹn, Bàbá Olówòkéré sọ ìtàn àdúgbò wọn àtijọ́ tí òkun ti gbé lọ. Ó dárúkọ ilé kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe tò. Lẹ́yìn náà, ó pe orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì súre fún wọn. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni bàbá kú.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe ìrántí rẹ̀, Rejoice bá Àǹtí gbé ẹ̀rọ lọ sí Abereke. Gbọ̀ngàn ìjọ kún. Àwọn ọmọ bàbá ti ọ̀nà jíjìn dé. Mabel, àbíkẹ́yìn wọn, tí kò rí bàbá kó tó kú, jókòó síwájú pátápátá.

Fídíò bẹ̀rẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó la ẹnu. Lójijì ni ojú rẹ̀ fọ́ sí wẹ́wẹ́, ó di aláwọ̀ ewé àti àlùkò. Ẹnu rẹ̀ lọ sí ibi tí iwájú orí yẹ kó wà. Ohùn rẹ̀ ń gé, ó ń han bí irin tí wọ́n ń wọ́ lórí òkúta. Àwọn ọmọdé kan bú sẹ́kún. Àgbà ọkùnrin kan tutọ́ sílẹ̀.

"Ẹ wo ohun tí wọ́n sọ bàbá wa dà!"

Àǹtí Moríkẹ́ ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. N kò mọ ohun tó ṣe é. Ó dáa nígbà tí mo yà á."

"Tèmi ńkọ́?" ni Mabel ń bi í. "Ṣé wọ́n dárúkọ mi? Níbo ni tèmi wà?"

Fóònù Rejoice dún lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ránṣẹ́ sí Godspower, èsì rẹ̀ ló dé: "Sọ pé iná mànàmáná ló bà á jẹ́. Ṣé o ti múra fún Àkúrẹ́?"

Rejoice kà á. Ó kórìíra ìwà Godspower gan-an, ó sì rí i pé òun náà kò yàtọ̀ sí i. Ó wo Àǹtí rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, tó ń tọrọ àforíjì ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá. Ó dìde, ó sì kúnlẹ̀ tì í.

"Èmi ni," ó wí. "Mo pààrọ̀ mẹ́mọ́rì kọ̀ǹpútà Àǹtí mi sí èyí tí kò dára, mo sì fipá mú un sáré. Ìdánwò fi hàn mí pé ó ń ṣe àṣìṣe. Mo rí i, mo sì pa á mọ́."

Rejoice na ọwọ́ sí Àǹtí rẹ̀, àmọ́ Àǹtí fa apá rẹ̀ kúrò bíi pé nǹkan ẹlẹ́gbin ló fẹ́ kàn án. "Má fọwọ́ kàn mí."

Opó bàbá dìde díẹ̀díẹ̀. "Ọmọ yìí, tó bá jẹ́ pé o ò mọ̀ ni, ǹ bá fi orí jì ọ́ lónìí. Ṣùgbọ́n o mọ̀. Ẹja tó ti jẹrà ni o fi yìnyín bò, tí o gbé ka iwájú àlejò. Dìde níwájú mi."

Lọ́jọ́ kejì, Àǹtí gba mẹ́mọ́rì rẹ̀ padà lójú ẹ̀gbọ́n Godspower, ẹ̀gbọ́n náà sì lé Godspower kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ géèmù yọ Rejoice kúrò lórí Wasáàpù. Kò sí ìkankan nínú wọn tó béèrè bó ṣe ń ṣe.

Ní gbogbo ìsinmi yẹn, Rejoice jókòó ti fídíò tó bàjẹ́ náà, ó ń ṣà á bí ẹni ń ṣa ìrẹsì láàárín òkúta. Ó rí orúkọ ilé mélòó kan. Ó rí ìre tí bàbá sú fún àwọn ọmọ méjì. Kò rí ti Mabel. Àǹtí Moríkẹ́ ní òun kọ́ ló máa jẹ́ iṣẹ́ yẹn fún Mabel, nítorí náà Rejoice fúnra rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Abereke.

Mabel gbọ́ ọ dé òpin. Kò bú u, kò sì lù ú. Ó kàn béèrè pé, "Ṣé ó dá ọ lójú pé wọ́n dárúkọ mi?"

"Àǹtí mi gbọ́ ọ. Wọ́n ní ẹ̀yin ni bàbá pè gbẹ̀yìn, tí wọ́n sì pẹ́ lórí yín jù."

"Kí ni wọ́n sọ?"

Rejoice ní Àǹtí òun kò rántí ọ̀rọ̀ náà gan-an mọ́. Mabel wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó bá ní kí o fi ìgbẹ́kẹ̀lé ẹlòmíràn ra ipò láàárín ẹgbẹ́ kò fẹ́ràn rẹ. Ohun tí o bá sì rí pé kò dára, tí o pa mọ́, ẹni tí kò mọwọ́-mẹsẹ̀ ló máa sanwó rẹ̀. Òótọ́ tí Rejoice sọ ní gbọ̀ngàn yẹn dára, ó gba Àǹtí rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀sùn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ìlà pupa yọ lójú ẹ̀rọ ló yẹ kó ti sọ ọ́. Nígbà yẹn, ohùn bàbá Mabel ṣì wà láàyè.