Lẹ́tà Róòmù Tí Rokibat Túmọ̀

Ọjọ́ tí Rokibat kọ́kọ́ rí Dàpọ̀, kì í ṣe ọkọ ló ń wá. Ọ̀gá rẹ̀ ní yunifásítì tuntun tó wà n'Ílọrin, Dókítà Adéníyì, ló ní kó bá òun wá ẹni tó gbọ́ Látìn tó sì mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, kó lè tú ìwé àtijọ́ kan lórí ẹ̀rọ ìṣirò sí Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1977 nìyẹn. Ta ló fẹ́ mọ méjèèjì pọ̀? Àwọn fádà gbọ́ Látìn, ṣùgbọ́n wọn ò rí kọ̀ǹpútà rí. Ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ló ti bá Dàpọ̀ pàdé, tíṣà ará Ọ̀mù-Àrán tó ti kọ́ṣẹ́ fádà rí kó tó fi í sílẹ̀.

"Èmi náà ò mọ kọ̀ǹpútà o," ni Dàpọ̀ wí.

"Èmi mọ̀ ọ́n, Tíṣà. Ẹ máa sọ ohun tí Látìn wí, èmi á sọ ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń jókòó ti ìwé náà ní gbogbo ọ̀sán Sátidé. Dàpọ̀ ń kọ́ ọ ní Látìn, òun náà ń kọ́ Dàpọ̀ bí wọ́n ṣe ń lu ihò sára káàdì kọ̀ǹpútà. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ìfẹ́ ti wọ ọ̀rọ̀ wọn, "Tíṣà" tí Rokibat ń pè é ti di "olólùfẹ́ mi."

Bàbá Rokibat, alfa àgbà ní Òkè-Àpómù, fárígá. Ọmọ òun kò ní fẹ́ kìrìsìtẹ́nì. Rokibat sunkún, ó kọ oúnjẹ, ó kọ ọkùnrin méjì tí ẹbí mú wá. Oṣù mẹ́rin ló fi bẹ̀ wọ́n, àwọn àǹtí rẹ̀ ò tiẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Níkẹyìn, ọkàn bàbá rọ̀. Wọ́n ní kí ọmọkùnrin náà kó ẹbí rẹ̀ wá.

Dàpọ̀ ní òun ti gbọ́. Oṣù méjì kọjá, ẹbí kankan ò dé. Lẹ́tà kan tí wọ́n fi Látìn kọ ló dé sí i láti Róòmù. Dàpọ̀ ní wọ́n kàn kí òun ni.

Ó wá fi lẹ́tà náà sàmì sínú ìwé wọn, ọkùnrin yìí! Ó rò pé Látìn ẹ̀rọ ìṣirò nìkan ló yé Rokibat. Ní Sátidé, Rokibat ṣí ìwé, ó rí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀ sókè, díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n ti máa ń ṣe.

"A ti rí ẹ̀bẹ̀ tí o kọ ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹta. A gbà kí o padà sí ẹ̀kọ́ fádà."

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ni bàbá rẹ̀ gbà.

"Nígbà tí bàbá mi kọ̀, o fẹ́ mi," ni Rokibat wí. "Ìgbà tí wọ́n gbà, o sá."

Dàpọ̀ ò lè wo ojú rẹ̀. "O túmọ̀ rẹ̀ dáadáa," ló wí, bí ẹni ń yin ọmọ kíláàsì.

Inú Rokibat korò ju ewúro lọ. Ó mú ìborùn rẹ̀, ó sì lọ sọ fún bàbá rẹ̀ pé àlejò kankan ò ní wá mọ́.