Ẹni Tó Sá Di Ilé Ẹṣin Baálẹ̀

Inú ẹrẹ̀ ni Golandam ti kọ́kọ́ rí i. Ẹrẹ̀ mù ún dé orúnkún. Ó fi ọwọ́ kan ká etí ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó fi ìkejì di fìlà dúdú mọ́rí kí atẹ́gùn òkun má gbé e lọ, síbẹ̀ ojú rẹ̀ kò kúrò lára àwọn ẹlẹ́ṣin tó ń kọjá. Ọjọ́ náà ni gómìnà tuntun ń wọ Bùṣẹ́rì, ìlú ebúté kan ní ilẹ̀ Páṣíà. Tẹrútọmọ ti tú jáde lọ pàdé rẹ̀ ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ oníyọ̀ tó wà lẹ́yìn odi ìlú, òjò àná sì ti sọ pẹ̀tẹ́lẹ̀ ọ̀hún di ẹrẹ̀ kìkì.

Orí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni Golandam wà, òun àti Sanam, àbúrò ìyá rẹ̀, opó tó tọ́ ọ dàgbà látìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Bàbá rẹ̀, Àlàájì Zeynal, baálẹ̀ àdúgbò etíkun, wà níwájú lọ́hùn-ún láàárín àwọn àgbààgbà, lórí abo ẹṣin rẹ̀ eléérú.

Golandam bèèrè ẹni tí ọkùnrin tó rì yẹn í ṣe.

Sanam ní, "Mírísà Nosrat ni, akọ̀wé Ajẹ́lẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n rán an wá wo ẹni tí gómìnà bá sọ̀rọ̀ àti ẹni tó gbójú kúrò lára rẹ̀, kó lọ kọ ọ́ fún òyìnbó."

"Ta ni wọ́n wá rán kó máa wo òun fúnra rẹ̀?"

Ó sọ ọ́ sókè ju bó ṣe fẹ́ lọ. Ọkùnrin náà yíjú. "Ó jọ pé ẹ̀yin ni," ni ó wí. Ó fẹ́ gbẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ jáde, bàtà kò bá a jáde. Golandam fi aṣọ bo ẹ̀rín mọ́ ẹnu, ó ní kó di ìrù kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àwọn mú. Sanam ní akọ̀wé Ajẹ́lẹ̀ kan kò ní di ìrù kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mú níṣojú gbogbo ìlú. Nosrat dì í mú. Báyìí ni gbogbo ará Bùṣẹ́rì ṣe rí i tí ọmọ baálẹ̀ wọ́ akọ̀wé Ajẹ́lẹ̀ jáde nínú ẹrẹ̀ bí ẹni wọ́ ọkọ̀ ojú omi gúnlẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Nosrat wá gba yàrá òkè nílé Sanam. Ó ní ibẹ̀ súnmọ́ ibi iṣẹ́ òun. Sanam kò bá a jiyàn, bó tilẹ̀ mọ̀ pé ilé púpọ̀ wà tó súnmọ́ ọn ju tòun lọ. Òrùlé ilé Sanam àti ti baálẹ̀ ló fara kanra, ọgbà tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ hun ló sì là wọ́n láàárín. Nígbà ooru, orí òrùlé títẹ́jú wọn ni gbogbo ìlú ń gbé. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, tí atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, Golandam á jókòó níhà tirẹ̀, Nosrat níhà kejì, Sanam á fẹ̀yìn lélẹ̀ láàárín wọn, á dijú bí ẹni ń tòògbé.

Golandam á bi í pé kí ló kọ lónìí. Nosrat á sọ fún un pé gómìnà na alásè rẹ̀, pé àwọn oníbúrẹ́dì ti ṣọ́ọ̀bù pa, pé ọkùnrin kan sá wá sábẹ́ òpó àsíá Ajẹ́lẹ̀ nítorí wọ́n gba ọgbà dábínù rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni Ajẹ́lẹ̀ ń kó ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní Íńdíà.

"Tiwa ńkọ́?" ó bèèrè lọ́jọ́ kan. "Kí lẹ kọ nípa òrùlé baálẹ̀?"

"Mi ò kọ nǹkan kan. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn ò kan ìjọba Gẹ̀ẹ́sì."

Ó wá fi kún un pé, "Èmi ló kàn."

Sanam yí ẹ̀gbẹ́ padà, ó ní àwọn ẹ̀fọn kan ń pariwo létí òun.

Nígbà tó yá, Nosrat fẹ́ rán àwọn àgbà lọ tọrọ Golandam, ó sì lọ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi, inú rẹ̀ dùn. Ibi tí inú dídùn yẹn ti bàjẹ́ nìyí: nígbà tí òyìnbó lọ mu tíì lọ́dọ̀ gómìnà, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun bá baálẹ̀ etíkun sọ̀rọ̀ nítorí Nosrat àti ọmọ rẹ̀. Lójú tirẹ̀, oore ló ṣe. Ṣùgbọ́n gómìnà gbé ife kalẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá ẹni tó ń tú àṣírí rẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n wá fi orúkọ onítọ̀hún lé e lọ́wọ́ láàárín tíì àti ṣúgà: baálẹ̀ tí akọ̀wé Ajẹ́lẹ̀ ń fẹ́ ọmọ rẹ̀.

Ó ránṣẹ́ pe Zeynal. Kò nà án, kò bú u. Ó kàn mú kó dúró nínú oòrùn láàárín àwọn tó ń gbá àgbàlá, títí gbogbo ẹni tó wá kí i láàárọ̀ ọjọ́ náà fi rí i tán.

Zeynal dé ilé, ó bọ́ fìlà, ó pe ọmọ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò ga. Ó ní bí òun bá fi í fún ọkùnrin yẹn, gómìnà á ní òtítọ́ ni pé òun ń tú àṣírí fún Gẹ̀ẹ́sì, á gba oyè lọ́wọ́ òun fún ẹlòmíràn tí yóò bó àwọn ará etíkun láwọ. "Mi ò ní fi ọ́ fún un láéláé," ó wí. "Má jẹ̀ẹ́ kí n tún un sọ."

Ojú ti Ajẹ́lẹ̀. Ó ní kí Nosrat lọ máa bá òun wo ohun tó ń lọ ní Língà, ìlú ebúté mìíràn níhà gúúsù. Nosrat dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà imọ̀ ọ̀pẹ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn. Ó ní kí Golandam má dúró de òun, bí wọ́n bá rí ọkọ gidi fún un, kó lọ.

"Ṣé mo bi yín?" Golandam dáhùn.

Nosrat fi ìka kan ti imọ̀ ọ̀pẹ náà, Golandam náà fi ìka kan tì í láti ìhà kejì, wọ́n sì dúró báyẹn títí wọ́n fi pèrun.

Látìgbà náà ni Golandam ti di ẹni tó ń fojú òkun ṣe ilé. Ó mọ ìgbòkun ọkọ̀ Língà yàtọ̀ sí ti Básírà, ebúté níhà àríwá, láti ọ̀nà jíjìn. Sanam kò gba ayálégbé mìíràn sí yàrá òkè. Ó ní òrùlé ń jò, nílùú tí òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀. Golandam á lọ gbá yàrá náà, kò sí ìdọ̀tí níbẹ̀, á gbá a síbẹ̀síbẹ̀, á wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí ó tó padà sílé. Àwọn tó fẹ́ fi í ṣaya ń wá. Golandam á ní ọ̀kan ń wúkọ́ jù, ọ̀kan kì í wúkọ́ rárá. Bàbá rẹ̀ ń gbọ́ àwáwí wọ̀nyí, kò dá sí i.

Atẹ́gùn kan wà tó máa ń fẹ́ láti gúúsù lẹ́bàá òkun yẹn, tí ń mú kí ara lẹ̀, tí ń fọ́ni lórí. Bó bá ti dé, gbogbo ìlú á ti fèrèsé pa. Golandam nìkan ló ń gun òrùlé lọ, á kọjú sí i, á ṣí aṣọ kúrò lójú. Atẹ́gùn náà ti gba Língà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí ọdún tuntun kù dẹ̀dẹ̀, ẹlòmíràn ra ipò gómìnà ní Tẹ̀ránì, olú ìlú. Ti àtijọ́ di kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó lọ. Ìbẹ̀rù lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí Zeynal ti sọ ṣì wà nílẹ̀. Nosrat ti Língà dé, ó ti fi iṣẹ́ Ajẹ́lẹ̀ sílẹ̀, ó ń kọ́ àwọn ọmọ oníṣòwò níwèé. Ó rán àwọn àgbà lọ. Zeynal fún wọn ní tíì, ó bá wọn sọ̀rọ̀ dábínù, ó sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n tún lọ. Ó tún fún wọn ní tíì.

Golandam gba ilé Sanam lọ. "Màmá, ẹ bá mi sọ fún un pé àyè wà nílé ẹṣin bàbá mi."

Sanam wò ó. Nígbà tó yé e, ó mú ìborùn rẹ̀, ó jáde lọ jíṣẹ́ fún Nosrat.

Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n ní gbogbo ilẹ̀ Páṣíà: ẹni tí wọ́n bá ṣẹ̀ lè sá di mọ́ṣáláṣí, ó lè sá di òpó àsíá òyìnbó, ó sì lè sá di ilé ẹṣin ẹni ńlá, kó jókòó sábẹ́ orí ẹṣin. Títí wọn yóò fi gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lé e. Nosrat ti kọ ọ̀rọ̀ irú wọn ránṣẹ́ ní àìmọye ìgbà. Kò ronú kàn án rí pé òun náà lè lọ jókòó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọlé tọ abo ẹṣin eléérú náà lọ, ó kí i, ó jókòó sábẹ́ ìjánu rẹ̀. Kí ó tó di ọ̀sán, gbogbo etíkun ti gbọ́. Zeynal ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ṣùgbọ́n kò lè gun ẹṣin kúrò lórí ẹni tó sá di í, ẹsẹ̀ ló fi rìn lọ kí gómìnà, gbogbo ẹni tó pàdé ló ń bi í léèrè ìlera ẹṣin. Kò sì lè fi ebi pa àlejò. Golandam ló ń se ẹja alájàgbọn tí wọ́n ń gbé lọ fún un, ó sì ń se é bí ẹni pé ọba ló fẹ́ jẹ ẹ́.

Nígbà tó sú Zeynal, ó kó àwọn àgbà wọ ilé ẹṣin, ó jókòó sórí ìdì koríko. Golandam dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Ta ló ṣẹ̀ ọ́?" Zeynal bi Nosrat.

"Ẹ̀yin ni, bàbá."

"Ta lo wá fẹjọ́ mi sùn?"

"Ẹ̀yin náà ni. Kò sẹ́lòmíì tó lè dá a."

Zeynal ní, "Ojú òyìnbó lo jẹ́ nílùú yìí. Kí lo máa rí nínú ilé mi tí o ò ní gbé jáde?"

"Mo gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ òrùlé yín, bàbá. Ẹ bi ara yín bóyá ohun kan ti ibẹ̀ jáde rí."

Zeynal tẹjú mọ́lẹ̀. Ó rántí gbogbo ohun tí òun ti fi ìbínú sọ nípa gómìnà lórí òrùlé yẹn, èyí tí wọn ìbá tìtorí rẹ̀ bẹ́ òun lórí. Gómìnà náà ti lọ. Orí òun ṣì wà lọ́rùn.

"Ẹni tó bá sá di ni," ó wí níkẹyìn, "kì í jáde láìní onídùúró. Ta ni yóò dúró fún un?"

Àwọn àgbà ń wo ara wọn.

"Èmi," ni ohùn kan wí láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

"Títí dìgbà wo?"

"Títí dópin ẹ̀mí mi, bàbá."

Zeynal dìde, ó tú okùn ẹṣin, ó fi í lé Nosrat lọ́wọ́. "Mú un lọ mu omi," ó wí. "Látọjọ́ tó o ti wà níbí, kò jáde rìn, ara rẹ̀ ti gan."

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, aṣọ ìkélé là wọ́n láàárín, àwọn ọkùnrin níhà kan, àwọn obìnrin níhà kejì. Àlùfáà bi ìyàwó bóyá ó gbà. Àṣà ni pé kí ìyàwó dákẹ́. Àwọn obìnrin á ní ó lọ já òdòdó, àlùfáà á tún bèèrè, wọ́n á tún wá àwáwí mìíràn, ó di ẹ̀ẹ̀kẹta kó tó dáhùn. Sanam ti la ẹnu láti sọ ti òdòdó.

"Mo gbà," Golandam wí.

Sanam fún un léèékánná nítan, ó sọ̀rọ̀ sí i létí pé ṣé kò lè ní sùúrù díẹ̀ ni.

"Mo ní in tẹ́lẹ̀, Màmá," ó dáhùn. "Mo ti lò ó tán."