Ọkùnrin Tí Wọ́n Ń Pè Ní Pọ́ǹpù

Tántì Yudora ń di àgbàdo lílọ̀ ẹlẹ́ran sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ń kọrin, ó sì ń jó lórí ìjókòó. Kérésìmesì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹgbẹ́ akọrin rẹ̀ ti pé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú gìtá kéékèèké wọn. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú yẹn ni wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin láti ilé dé ilé ní Morne Lasalle, abúlé wọn lórí òkè, bí wọ́n ti ń ṣe lọ́dọọdún ní Trinidad.

Ni Anselm bá dé ẹnu géètì. Ó ti wẹ̀, ó ti gẹrun, ó mú ṣẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Kò wọlé.

"Ẹ káàsán, Tántì. Ṣé mo ṣì lè bá yín lu ṣẹ́rẹ́?"

Crispin onígìtá kò jẹ́ kí Tántì dáhùn. "Pọ́ǹpù, ilé onílé là ń wọ̀ o. Bí nǹkan bá sọnù ńkọ́? Àbí o fẹ́ kí wọ́n máa yẹ àpò gbogbo wa wò?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Pọ́ǹpù, ẹ̀rọ tí Mista Lezama aládùúgbò wọn fi ń fa omi sí oko ewé ọbẹ̀ rẹ̀, ni Anselm jí, òun ló gbé e dé ẹ̀wọ̀n. Láti ìgbà tó ti jáde, Pọ́ǹpù ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Kò rí iṣẹ́. Àwọn tí wọ́n jọ jalè nìkan ló ń bẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n tilẹ̀ ti ra fóònù fún un. Ìyẹn ló ń ba Tántì lẹ́rù. Bí Anselm bá yí padà ní géètì yẹn, ọ̀dọ̀ wọn nísàlẹ̀ òkè ló ń lọ tààrà.

"Ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn," Crispin ní. "Bàbá rẹ̀ náà, ọwọ́ rẹ̀ kì í gbélẹ̀."

Marisol, ọmọ àbúrò Tántì, ló ń to ewé. Lọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó àwọn tó ti ẹ̀wọ̀n dé ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó gbójú sókè.

"Bọ̀dá Crispin, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Ṣebí ẹ̀jẹ̀ kan náà ni."

"Ìyẹn yàtọ̀."

"Kí ló mú un yàtọ̀? Nígbà tí wọ́n ti ibi tí Anselm ti ń fọ́ òkúta pa, ta ló pè é síṣẹ́?"

Marisol gbé ewé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ó ń rí bàtà olówó ńlá lẹ́sẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kò sì rí ọ̀nà tó máa fi ra tirẹ̀. Àwọn kan wá fi ọ̀nà tiwọn hàn án. Àwọn náà ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tú ẹ̀rọ. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n láti inú oyún. Mi ò bò ó o. Òun ló jalè, ó sì ti jìyà rẹ̀. Ní báyìí tí a wá ń fi ohun tó jí pè é, tí a tilẹ̀kùn mọ́ ọn, ilé ta ló kù tó lè wọ̀? Bí kò bá ní nǹkan kan láàárín wa tó lè pàdánù, kí ló máa bà á lẹ́rù?"

"O ti ń wàásù," Crispin ní, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

Tántì nu ọwọ́ rẹ̀. "Anselm, wọlé jàre. Láti ìgbà tí o ti lọ, ṣẹ́rẹ́ wa ń dún bí adìẹ tó ń tan ilẹ̀."

Ilé Mista Lezama ni wọ́n kọ́kọ́ lọ. Tántì ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé orin:

*Onílé, a dé o, oòrùn ń pa wá lórí,*
*Ṣílẹ̀kùn fún wa o, ayọ̀ la rù wá.*

Orin ẹnu ọ̀nà kì í dá títí akọrin á fi wọlé. Lezama ṣílẹ̀kùn tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ó rí Anselm, ẹ̀rín tán.

"Ẹ wọlé, gbogbo yín. Pọ́ǹpù á dúró síta."

Anselm na ṣẹ́rẹ́ sí Crispin, ó kọjú sí ọ̀nà ìsàlẹ̀. Crispin kò gbà á. "Ṣé èmi ni kí n lù ú mọ́ gìtá ni? Dúró ńbẹ̀."

Tántì bẹ̀rẹ̀ orin náà látìbẹ̀rẹ̀.

"Yudora, mo ti ṣílẹ̀kùn."

"Ẹ ò tíì ṣí i tán," Tántì ní, ó sì ń kọrin lọ. Gbogbo wọn gbè é.

Ìyàwó Lezama yọjú lójú fèrèsé. "Bàbá Rosita, oúnjẹ ń tutù. Ṣé ilẹ̀kùn lẹ máa jẹ ni?"

Anselm bọ́ síwájú. "Mista Lezama, èmi ni mo jí ẹ̀rọ yín, mi ò sì tíì bẹ̀ yín rí. Ẹ jọ̀wọ́. Mo lè máa bá yín bomi rin oko láràárọ̀ títí ẹ ó fi rí òmíràn."

Lezama nawọ́ sí oko rẹ̀ lókè. "Garawa ló wà nílẹ̀ o. Òkè yẹn sì ga."

"Mo mọ̀ ọ́n, sà. Ibẹ̀ ni mo gbé ẹ̀rọ gbà sọ̀ kalẹ̀."

Crispin fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Lezama gan-an ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Anselm, nu ẹsẹ̀ rẹ kí o tó wọlé. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nulẹ̀ ni."

Ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ fi ẹni tó bá jalè tó ọlọ́pàá létí, ẹ má fọwọ́ ara yín ṣèdájọ́. Ṣùgbọ́n ẹ máa bèèrè ohun tó gbé e débẹ̀, torí àìríṣẹ́ àti ẹgbẹ́kẹ́gbẹ́ wà níbẹ̀, orúkọ burúkú tí a ń pe èèyàn náà sì wà níbẹ̀. Bó bá ti jìyà rẹ̀ tán, orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ni kẹ́ ẹ máa pè é. Ẹ wá iṣẹ́ fún un, bó ti wù kó kéré mọ, ẹ sì fún un láyè nínú ìjọ àti ẹgbẹ́ yín. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ju agbára yín lọ, ẹ wá àwọn bíi Marisol lọ. Ẹni tí a bá jọ ń kọrin, a ó tètè mọ̀ bí kò bá wá. Ẹni tí a bá lé síta, àwọn kan ti ń dúró dè é nísàlẹ̀ òkè.