Ìrìn-àjò Tí A Kọ́kọ́ Rìn Nínú Pálọ̀

Èmi kò mọ nǹkan kan o. Irun ni mò ń dì fún àwọn obìnrin, ìmọ̀ mi kò sì kọjá àárín orí wọn. Ẹni tó bá ń wá àlàyé, kó lọ bá àwọn tó kàwé. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ, òótọ́ sì ni, nítorí ojú mi kì í purọ́. Ẹnu mi ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì ti kìlọ̀ fún un lónìí.

Àbúrò mi obìnrin ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Nọ́ọ̀sì ni, ní yàrá iṣẹ́ abẹ. Òun ló ń to ọ̀bẹ àti abẹ́rẹ́ sílẹ̀ kí àwọn dókítà tó wọlé wá gba ìyìn. Ìyá Ètò là ń pè é. Bí Ìyá Ètò bá fẹ́ sín, á kọ́kọ́ wá ibi tí yóò kọjú sí. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ohun tó tò tó wó.

Ó pinnu pé gbogbo ilé yóò lọ sí ọgbà ìgbafẹ́ ńlá nígbà ìsinmi. Ọgbà tó ní àgbá kẹ̀kẹ́ gìrìwò tó ń gbé ènìyàn yípo lókè, àti ọkọ̀ orí irin tó ń já bọ́ láti òkè bí ẹni tí wọ́n tì. Nítorí pé ọ̀nà jìn, a ó yà sí etí adágún omi kan. Lẹ́yìn ọgbà náà, a ó yà wo ilé tí wọ́n kó àwọn ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ sí, nítorí ọkọ rẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù àti fíríìjì ni ọkùnrin náà ń tún ṣe. Irin ló kọ́kọ́ fẹ́. Àbúrò mi ló fi ṣe ìkejì.

Ìṣòro kan ló wà. Bàbá wa.

Awakọ̀ ni Bàbá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ọkọ̀ tó ń kó àwọn ọmọ iléèwé lọ sí ọgbà yẹn gan-an ni wọ́n máa ń wà. Ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n ń gbé lọ. "Ó máa kàn yín," ni wọ́n máa ń sọ fún àwa méjèèjì, títí a fi dàgbà kọjá ẹni tí à ń fi adùn tàn. Ní báyìí, ogbó ti dé, iyè wọn sì ti ń rá. Bí ọkọ̀ bá ti dúró báyìí, wọ́n á bọ́ sílẹ̀, wọ́n á máa rìn lọ. Nígbà tó ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn, a wá wọn títí ẹsẹ̀ wa fi wú. Abẹ́ afárá la ti rí wọn, wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ bí ẹni tó ń retí èrò. Dókítà ní bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀ níbi tó jìn, ó lè jẹ́ òkú wọn la máa rí.

Àbúrò mi ní bí Bàbá ò bá lọ, ẹnikẹ́ni ò lọ.

"Wọ́n ti gbé ọmọ gbogbo ayé lọ," ó ní. "Kí àwọn náà lọ bí èrò lẹ́ẹ̀kan."

"Bí wọ́n bá sọnù ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, a máa dán an wò ná."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe níbi iṣẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ tó bá le, wọ́n á kọ́kọ́ fi ẹnu àti ọwọ́ lásán ṣe é láìsí aláìsàn níbẹ̀. Mo ní kò burú. Ta ni èmi, onídìrí lásán?

Ọ̀sán Sátidé kan ni. Ó to àga pálọ̀ bí ìjókòó ọkọ̀. Ó ti ilẹ̀kùn, ó fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ọrùn. Ó fa kọ́tìnnì, ó pa fáànù. Ọkọ rẹ̀ jókòó níwájú, ó di ọmọrí ìkòkò mú bí ẹni di sítíárì mú. Èmi àti Bàbá wà láàárín. Ẹ̀yìn wa ni ọmọbìnrin àbúrò mi wà, èyí tí à ń pè ní Ẹlẹ́nu, nítorí pé oorun nìkan ló ń pa á lẹ́nu mọ́.

Bàbá wo iwájú. "Ta ló ń wakọ̀?"

"Ọkọ mi ni, Bàbá."

"Èyí? Tí kì í rí ọ̀nà bálùwẹ̀ bí iná bá lọ?"

Ọkọ àbúrò mi gba àbùkù náà, ó yí ọmọrí ìkòkò. A gbéra.

Ìyá Ètò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó ń sọ ọ̀nà. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "A ti jáde nílùú. Ilé ti tán. Igi ló kù. Ọ̀dà títì ń dán lójú oòrùn." Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kò wá. Ohun tí mo gbọ́ ni òórùn epo ọkọ̀. Ẹsẹ̀ Bàbá ń tẹ bíréèkì lórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Rọra," ni Bàbá wí. "Kọ́nà wà níwájú."

Ara mi tẹ̀ sọ́tùn-ún. Ti gbogbo wa ló tẹ̀ sọ́tùn-ún. Ẹnikẹ́ni ò sọ pé ká tẹ̀. Mo wo ẹ̀yìn. Ẹlẹ́nu ti dákẹ́, ojú rẹ̀ sì là sílẹ̀ kedere.

"A dé etí adágún," ni àbúrò mi wí. "Ọkọ̀ ti dúró. Ẹ má bọ́ sílẹ̀ o. Ká kọ́kọ́ jókòó."

Ibẹ̀ ni ìdánwò náà wà. Ilé pa rọ́rọ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ omi. Omi díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ìgbì bá ń fọwọ́ tọ́ ẹsẹ̀ òkúta. Mo rò pé ẹ̀rọ omi ilé ìdáná ni. Atẹ́gùn tutù fẹ́ lù mí létí, láti ọ̀dọ̀ ògiri. Kọ́tìnnì kò mì.

Mo yíjú sí Bàbá láti sọ̀kò ọ̀rọ̀. Àga wọn ṣófo.

Bàbá tí orúnkún wọn kì í jẹ́ kí wọ́n dìde kí àdúgbò má gbọ́. A wá wọn. Ìyẹ̀wù, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bálùwẹ̀. Ilẹ̀kùn wà ní títì, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn àbúrò mi. Mo bá ọkọ rẹ̀ ní ilé ìdáná, tó ki orí bọ inú fíríìjì. Mi ò bi í léèrè. Bí ẹ̀rù bá bani, kálukú a máa sá gba ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

"Pe ọlọ́pàá," ni mo wí.

"Kí n ní kí ló ṣẹlẹ̀, ẹ̀gbọ́n? Pé Bàbá bọ́ sílẹ̀ nínú pálọ̀?" ni ọkọ rẹ̀ bi mí.

Àbúrò mi kò sunkún. Mo ti rí olówó tí ẹ̀rù bà, mo ti rí oníwàásù tó gbàgbé àdúrà, wọ́n sì wà níwájú dígí mi tí irun wọn rí wúruwùru. Mi ò rí irú obìnrin yìí rí. Ó dúró láàárín àwọn àga náà.

"Ẹ padà síbi ìjókòó yín."

"Ṣé orí rẹ pé?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Ọkọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Bí gbogbo wa bá fi àga sílẹ̀, níbo la ti máa pè wọ́n?"

A jókòó. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó sọ koríko, ó sọ òkúta, ó sọ ọkùnrin àgbàlagbà kan tó kẹ̀yìn sí wa létí omi. "Bàbá, ọkọ̀ fẹ́ gbéra." Ó tún pè. "Bàbá, ẹ máa bọ̀ nílé." Omi nìkan ló ń dún.

Ó ronú díẹ̀. Ó wá fọwọ́ kan èjìká ọkọ rẹ̀. "Dìde níbẹ̀." Ọkùnrin náà gbé ọmọrí ìkòkò sórí àga iwájú, ó lọ dúró tì ògiri bí ọmọ tó jìyà.

Ohùn tí àbúrò mi fi pè kì í ṣe ohùn ọmọ sí bàbá mọ́. Ohùn olùkọ́ tó ń pe awakọ̀ ni.

"Awakọ̀! Àwọn ọmọ ti wọkọ̀ tán. Ẹ̀yin là ń dúró dè."

Àga iwájú dún kẹ́ẹ́. Bàbá wà lórí rẹ̀. Ṣòkòtò wọn tutù dé orúnkún, ọwọ́ wọn méjèèjì wà lórí ọmọrí ìkòkò.

"Kí ló dé tí ẹ ò fọn fèrè ọkọ̀ láti ọjọ́ yìí?" ni wọ́n wí.

Bí a ṣe fò dìde lórí àga nìyẹn, kálukú ń wọ́ ọmọnìkejì rẹ̀. A ṣí kọ́tìnnì, a tan fáànù. Èmi ni mo fọ ẹsẹ̀ Bàbá. Yanrìn wà láàárín ìka wọn. Mo dà á nù, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi mí nípa àwọ̀ rẹ̀, nítorí kò sí irú rẹ̀ ládùúgbò wa.

Láti ìgbà náà, ara Bàbá yá gágá. Wọn ò rìn lọ síbi kankan mọ́. Wọ́n á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa wo ìta, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo sọ fún gbogbo oníbàárà mi pé àbúrò mi ti ṣe ohun tí dókítà kò lè ṣe. Mo fi ìyìn rẹ̀ di orí gbogbo àdúgbò.

Àná ló wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Kò jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo gbé wa dé etí adágún."

"Bẹ́ẹ̀ ni. A sì rí Bàbá."

"Ibẹ̀ ni gbogbo wa ti bọ́ sílẹ̀. Mi ò gbé wa padà sílé."

Mo rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mo rẹ́rìn-ín.

"Ṣebí ká tún jókòó lórí àga náà," ni mo wí, "kó o gbé wa délé."

"Mo ti bẹ Bàbá láàárọ̀ yìí. Àwọn ni awakọ̀ báyìí, bí wọn ò bá gbéra, a ò lè gbéra."

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n ní kí n má kánjú. Wọ́n ní àwọn ọmọ ò tíì ṣeré tán."

Mo pa ẹ̀rọ ìgbẹrun. Mo fẹ́ gbọ́ ariwo títì, kí ọkàn mi lè balẹ̀. Mo tẹ́tí sílẹ̀ títí. Kò sí ọkọ̀ kankan tó kọjá. Ohun tó ń fọwọ́ tọ́ ẹsẹ̀ ògiri lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rọra ń dún, díẹ̀díẹ̀.

Níbo wá ni a wà?