Egbò Tí Alágbàfọ̀ Fi Pamọ́

Ọkọ ló ń lọ aṣọ, ìyàwó ló ń fọ̀ ọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ wọn, bàbá kì í ki ọwọ́ bọ omi ọṣẹ. Nítorí náà, nígbà tí ìyàwó bá a lẹ́yìnkùlé láàárọ̀ ọjọ́ kan tó ń fọ pátá ara rẹ̀, àánú ṣe é. Ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ló rí.

"Kí lèyí?"

Bàbá wolẹ̀. "Egbò ni. Gbogbo ìpara tí mo rà, kò gbọ́."

"Egbò níbo?"

Bàbá nawọ́ sí abẹ́ ara rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, olówó orí mi! Ọ̀dọ̀ ta lẹ ti gbé e wá?"

"Mo fi àwọn ọmọ wa búra, mi ò mọ obìnrin mìíràn!"

Ìyàwó kò gbà á gbọ́. Ó dùn ún wọ egungun, ẹrù rẹ̀ ló fẹ́ kó. Ṣùgbọ́n ó ní àyẹ̀wò ni kó kọ́kọ́ sọ òtítọ́.

Wọ́n lọ bá dókítà obìnrin kan nílé ìwòsàn. Èsì àyẹ̀wò dé: kò sí àrùn ìbálòpọ̀ kankan. Dókítà obìnrin náà wá bi bàbá pé oògùn wo ló ń lò. Ìpara nìkan ló dárúkọ.

"Oògùn àyà yín ńkọ́?" ìyàwó rẹ̀ ló bèèrè bẹ́ẹ̀.

"Ìwọ náà! Ibo ni àyà, ibo ni abẹ́?"

Ìyàwó yọ páálí oògùn náà nínú báàgì. Dókítà kà á, ó mí kanlẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé oògùn káàkiri ara. Èyí tẹ́ ẹ̀ ń lò yìí lè dá egbò sí ẹnu, ihò ìdí tàbí abẹ́. Kò wọ́pọ̀, àmọ́ tó bá ṣẹlẹ̀, ìpara ò lè wò ó."

"Kí n dà á nù nìyẹn?"

"Ẹ má dán an wò! A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Tẹ́ ẹ bá dá a dúró fúnra yín, ọkàn lè daṣẹ́ sílẹ̀. Màá pe dókítà ọkàn yín, ẹ ó jọ pààrọ̀ oògùn náà."

Ìyàwó bú sẹ́kún, ẹ̀rín sì ń bọ́ láàárín ẹkún. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi."

"Èmi ló yẹ kí n bẹ̀ ọ́. Ìtìjú ni mo fi ń jẹ̀rora."

Wọ́n pààrọ̀ oògùn náà, egbò sì jinná díẹ̀díẹ̀. Bàbá padà sídìí áyọ́ọ̀nù rẹ̀, ara tù ú, ilé sì tòrò.

Ẹ̀yin tó ń lo oògùn ọkàn, bí egbò tí kò jinná bá yọ níbi ìkọ̀kọ̀, ẹ má dájọ́ ara yín, ẹ má sì dá oògùn dúró. Ẹ kó gbogbo oògùn yín dání, kí ẹ lọ fi egbò náà han dókítà. Bàbá alágbàfọ̀ ì bá ti tètè rí ìwòsàn, ká ní ó tètè sọ̀rọ̀.