Bọ́tìnnì Bàbá Àtàndá

Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀dèjì tẹ orúkọ kan lójú kọ̀ǹpútà, fóònù tó wà lórí tábìlì sì han gooro. Ó tẹ òmíràn, fóònù tún han. Síbẹ̀, olùkọ́ náà kò rẹ́rìn-ín.

"Naimat, olùgbọ́ mélòó lo kọ sínú kóòdù yìí?"

"Mọ́kànlélọ́gbọ̀n, sà. Orúkọ kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀, tó ń gbọ́ bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́."

Inú Naimat ń dùn, ó sì yẹ kó dùn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, òun nìkan ló sì kọ ojú ewé íńtánẹ́ẹ̀tì yìí fún agbo ilé wọn ní Ẹdẹ. Ìsàlẹ̀, nítòsí odò, ni agbo ilé náà wà. Lọ́dún tó kọjá, omi wọlé bá wọn lójijì, ó gbé ewúrẹ́, ó gbé ìkòkò, díẹ̀ ló kù kó gbé ènìyàn. Ìdí nìyẹn tí Naimat fi lo èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní JavaScript láti ṣe ojú ewé tí orúkọ gbogbo ìdílé wà, pẹ̀lú bọ́tìnnì kan níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan. Bí omi bá ti ń wọ ilé ẹnì kan, kí ó tẹ bọ́tìnnì tirẹ̀ lórí fóònù. Fóònù Jibril, olórí àwọn ọ̀dọ́ agbo ilé, yóò han, orúkọ onítọ̀hún yóò pọ́n, àwọn ọ̀dọ́ yóò sì sáré lọ gbé e jáde.

"Ó ń ṣiṣẹ́ lónìí," ni olùkọ́ wí, "àmọ́ ẹni tó bá dé lọ́la ńkọ́? Àwọn orúkọ yìí ti wà lójú ewé kí kóòdù rẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó pín olùgbọ́ fún wọn, ó parí. Orúkọ tí o bá fi kún un, ẹ̀yìn ìpín ni yóò máa wọlé. Bọ́tìnnì rẹ̀ yóò hàn bíi ti àwọn yòókù, àmọ́ ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ ọ."

"Kí ni kí n wá ṣe, sà?"

"Ní agbo ilé yín, bí wàhálà bá ṣẹlẹ̀ ní yàrá ìyàwó tó dé lánàá, ṣé kò ní dé etí baálé?"

"Á dé etí wọn, sà."

"Ṣé dandan ni kí baálé fi ọmọdé kọ̀ọ̀kan ṣọ́ ẹnu ọ̀nà gbogbo yàrá kí wọ́n tó gbọ́?" Naimat rẹ́rìn-ín. "Bẹ́ẹ̀ náà ni bọ́tìnnì. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, ìró rẹ̀ kì í dúró síbẹ̀, ó ń gòkè lọ bá àpótí tó kó gbogbo wọn sínú. Pa olùgbọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n yìí rẹ́. Fi ẹyọ kan ṣoṣo sára àpótí náà, kí ó máa wo bọ́tìnnì tó pè é. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹni tó bá dé lọ́la ti ní ẹni tí yóò gbọ́ tirẹ̀."

Ó yé Naimat yékéyéké. Ohun tó ká a lára ni pé ọ̀túnla ni wọn yóò fi iṣẹ́ náà han baálé, kóòdù tó sì ń ṣiṣẹ́ ni olùkọ́ ní kó tú palẹ̀. Bó bá tú u tí kò mọ̀ ọ́n tò mọ́ ńkọ́? Ó pa kọ̀ǹpútà dé. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀dèjì bi í léèrè lọ́jọ́ kejì, ó ní, "Mo ti tún un ṣe, sà." Olùkọ́ gbà á gbọ́, nítorí ọmọ náà kì í purọ́ fún un.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fi í han agbo ilé, ìdílé kọ̀ọ̀kan tẹ bọ́tìnnì tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, fóònù Jibril sì han nígbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Baálé ṣe àdúà fún Naimat. Lẹ́yìn náà ló gbé òfin kan kalẹ̀. "Láti òní lọ, kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ ẹ́ ṣeré. A kì í fi igbe 'ẹ gbà mí' dánra wò nínú agbo ilé yìí. Ẹni tó bá ké lásán lónìí, wọn kò ní dá a lóhùn lọ́la." Òfin rere ni, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe látọjọ́ àwọn bàbá wọn, gbogbo ilé sì pa á mọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn èyí, Kafilat, tó ń gbé inú agbo ilé náà tó sì ń ta aṣọ ní ọjà Ara, gbé bàbá rẹ̀ dé láti Alajue. Àgbẹ̀ ni Bàbá Àtàndá kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó mú ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Yàrá ẹ̀yìn tó sún mọ́ odò jù lọ ló ṣófo, ibẹ̀ ni wọ́n fi í sí. Naimat fi orúkọ rẹ̀ kún ojú ewé náà, bọ́tìnnì rẹ̀ sì yọ, ó rí bíi ti àwọn yòókù gẹ́lẹ́. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn àgbàlagbà náà, ó fi hàn án.

"Bàbá, bí ẹ bá rí omi, ibí yìí ni kí ẹ tẹ̀. Wọn yóò wá gbé yín."

"O ṣeun, ọmọ mi. Ọlọ́run á fún ẹ ní làákàyè kún un."

Kafilat wo fóònù náà tìfura tìfura. "Naimat, ṣé wọ́n á gbọ́ ọ lóòótọ́? O mọ̀ pé èmi kì í sí nílé."

Ọ̀rọ̀ olùkọ́ sọ sí Naimat lọ́kàn. Bó bá tẹ̀ ẹ́ wò tó sì han, ó ti rú òfin baálé. Bí kò bá han, irọ́ rẹ̀ tú. Ká sọ òótọ́, èkejì ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà á jù, àmọ́ àkọ́kọ́ ló fi bojú.

"Wọ́n á gbọ́, Àǹtí Kafilat. Mo kàn fẹ́ pa òfin mọ́ ni, ìdí nìyẹn tí n kò fi tẹ̀ ẹ́ wò."

Láti ọjọ́ náà ni ọkàn Naimat kò ti balẹ̀ mọ́. Ní alaalẹ́, á ní òun ó tún un ṣe lọ́la. Bí ọ̀la bá dé, á ní ìdánwò ti sún mọ́lé. Odò kò bá a dúró. Omi rẹ̀ pọ́n, ó bo òkúta tí wọ́n ń fọṣọ lórí rẹ̀, ó sì ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ láìpariwo.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, lẹ́yìn ìrun Alásàrì, ojú ọjọ́ ṣú bọlẹ̀. Nígbà tí òjò náà dé, kò jọ pé ó ní í dá mọ́. Láàárín wákàtí kan, omi ti wọ agbo ilé. Naimat àti Jibril dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́ṣáláṣí tó wà lókè, Naimat di fóònù Jibril mú, ó ń ka orúkọ tó bá ti pọ́n, àwọn ọ̀dọ́ ń sáré lọ, wọ́n ń gbé ènìyàn bọ̀. Iṣẹ́ náà ń lọ geere. Àwọn ìyá ń yin Naimat, ìyìn náà kò sì dùn létí rẹ̀.

"Ta ló kù?" ni Jibril béèrè.

"Ẹni mẹ́ta, ní ẹ̀gbẹ́ kànga."

"Bàbá Àtàndá ńkọ́?"

Orúkọ bàbá náà funfun báláú. "Wọn ò tíì pè," ni Naimat wí.

"Á jẹ́ pé omi ò tíì débẹ̀." Jibril kó àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀, ó di ẹ̀gbẹ́ kànga.

Ìgbà yẹn ni fóònù Naimat gan-an dún. Kafilat ni, láti Ara. "Naimat, mò ń pe bàbá mi, wọn ò gbé e. Ṣé wọ́n ti tẹ bọ́tìnnì wọn?"

Naimat ṣí ojú ewé náà lórí fóònù tirẹ̀, ó tẹ orúkọ Bàbá Àtàndá. Fóònù Jibril dákẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Ó dákẹ́. Ó tẹ orúkọ ilé tiwọn, fóònù náà sì han gooro lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó wọnú òjò, ó ń sáré, ó ń ṣubú. "Bùọ̀dá Jibril! Bọ́tìnnì Bàbá Àtàndá kò ṣiṣẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sáré."

Jibril wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ó yípadà, ó sá lọ.

Omi ti ti ilẹ̀kùn yàrá náà pa, ojú fèrèsé ni wọ́n fọ́ wọlé. Bàbá Àtàndá jókòó sórí ibùsùn, omi ti mù ún dé àyà. Ó na ọwọ́ kan sókè, fóònù wà nínú rẹ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ sì wà lórí bọ́tìnnì náà síbẹ̀. Ó ń gbọ̀n, àmọ́ kò ké.

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò pariwo?" ni Jibril ń bi í bó ti ń gbé e. "Ilé kejì ìbá gbọ́ yín."

"Ọmọ yẹn ní kí n tẹ̀ ẹ́. Mo rò pé ẹ ti gbọ́, mo ní ẹ ń bọ̀. Kafilat ń pè mí, n kò gbé e, kí n má baà dí yín lọ́wọ́."

Naimat gbọ́ ọ ní ìta fèrèsé, ó sì jókòó sínú omi.

Òtútù wọ Bàbá Àtàndá láyà. Ọjọ́ mẹ́rìnlélógún ló lò nílé ìwòsàn, Ọlọ́run ló yọ ọ́. Naimat lọ jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún baálé fúnra rẹ̀, ìyá rẹ̀ ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Baálé ní bí orúkọ tuntun bá ti wọlé, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ wò lójú gbogbo ènìyàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀dèjì kò nà án, kò bú u. Ó kàn jókòó tì í, Naimat sì pa olùgbọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n rẹ́, ó fi ẹyọ kan sára àpótí. Ogún ìṣẹ́jú ni iṣẹ́ náà gbà.

Kafilat gbé bàbá rẹ̀ padà sí Alajue, níbi tí kò sí odò nítòsí. Lọ́jọ́ tí Naimat lọ tọrọ àforíjì, ojú ọ̀run ṣú díẹ̀. Ẹ̀kán òjò kankan kò tíì bọ́ sílẹ̀ tí Bàbá Àtàndá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

"Ẹ gbà mí o. Omi dé. Ẹ gbà mí."

"Bó ṣe ń ṣe wọ́n nìyí bí ojú ọjọ́ bá ti ṣú," ni Kafilat wí, kò wo ojú Naimat.

Naimat kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ àgbàlagbà náà mú. "Bàbá, ẹ dárí jì mí."

Bàbá Àtàndá dákẹ́, ó wò ó. "Mo ti dárí jì ẹ́, ọmọ mi." Lẹ́yìn náà ló tún kọjú sí fèrèsé, ó sì ń ké lọ.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ Naimat kò tilẹ̀ pé oṣù mẹ́ta. Iṣẹ́ ogún ìṣẹ́jú ló sá fún, ohun tó sì bàjẹ́ kò ṣeé tún ṣe nínú kóòdù. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, iṣẹ́ tí a kò bá tíì dán wò fún ẹni tó dé kẹ́yìn, a kò tíì ṣe é tán. Bí a bá sì ti sọ fún ènìyàn pé a ó gbọ́ ọ, ó ti gbára lé wa nìyẹn, nítorí náà kí a rí i dájú pé a ń gbọ́.