Tíṣà Tí Wọn Ò Gbà Síṣẹ́

Ọkùnrin náà ń bá táì ọrùn rẹ̀ jà. Bẹ́ẹ̀ ni Tíṣà, obìnrin tó ń wáṣẹ́ olùkọ́, ṣe kọ́kọ́ rí i, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan nílẹ̀ òkèèrè. Ó ga, ó sì jókòó sórí àga oníke tó kéré jù ú lọ, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n, ó ń so táì bí ẹni ń so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀. Bó ṣe fà á síbìí ló ń wọ́ sọ́hùn-ún. Nígbà tó sú u, ó mí kanlẹ̀, ó sì ráhùn lábẹ́ ẹnu pé, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ n rógun aṣọ."

Yorùbá! Láti ọjọ́ tí Tíṣà ti dé ìlú yìí, ẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin nìkan ló ti ń gbọ́ èdè náà. Ẹ̀rín ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó rántí pé ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lòun wá ṣe.

"Ẹ jẹ́ n bá yín so ó," ló wí.

Ọkùnrin náà na ọrùn sílẹ̀ fún un. "Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Ẹ ò ní fẹsẹ̀ kọ o."

Tíṣà dáwọ́ dúró, ó wò ó. Àdúrà ìyá àgbà rèé lẹ́nu ẹni tí irùngbọ̀n rẹ̀ ò tíì ní funfun kan.

"Ẹ má bínú," ni ọkùnrin náà wí kíákíá. "Ìlú àwọn tó ni Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bí mi sí. Ìyá tó bí ìyá mi ló kọ́ mi ní Yorùbá. Wọ́n ní bí mo bá lanu, arúgbó ló ń sọ̀rọ̀."

Iṣẹ́ kan náà làwọn méjèèjì wá gbà. Tíṣà ti fi ọdún mẹ́wàá kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì nílé, ó sì kàwé lórí rẹ̀ títí ojú fi ń ro ó. Ẹ̀rọ amúlétutù ni ọkùnrin yìí máa ń tún ṣe. Ilé-iṣẹ́ tó gbé e wá sí ìlú náà ti kógbá sílé, ẹnì kan ló sì sọ fún un pé ohùn rẹ̀ lè di oúnjẹ.

Wọ́n kọ́kọ́ pe Tíṣà wọlé. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà, obìnrin kan tó máa ń rẹ́rìn-ín láìṣí eyín, bi í ní ìbéèrè, ó sì dáhùn gbogbo rẹ̀ fínnífínní. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wo ìwé ìrìnnà rẹ̀.

"Gẹ̀ẹ́sì rẹ dáa púpọ̀," ni ọ̀gá wí. "Ṣùgbọ́n ẹni tó mu ún lọ́mú ìyá làwọn òbí ń fẹ́. Àti pé ohùn rẹ... ó yé mi o, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohùn tí wọ́n ń wá."

Tíṣà jáde pẹ̀lú ọkàn tó pòrúurùu. Bó bá yé e, kí ló tún kù? Ṣé kí ọ̀rọ̀ má yé èèyàn ni wọ́n fi ń kọ́ni lédè ni?

Ọkùnrin náà wọlé, kò sì pẹ́ tó fi jáde. Wọn ò bi í ní nǹkan kan ju pé ìgbà wo ló lè bẹ̀rẹ̀. Ó bá Tíṣà nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó sì dúró níwájú rẹ̀ bí ọmọ tó fọ́ àwo.

"Wọ́n gbà mí," ló wí. "Mi ò sì mọ ohun tí mo fẹ́ kọ́ wọn."

Tíṣà ò mọ̀ bóyá kóun kí i kú oríire ni tàbí kóun gbá a létí.

Ilé ìfọṣọ ni Tíṣà ń bá ṣiṣẹ́, ìdí áyọ́ọ̀nù ló ń dúró sí látàárọ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì kò tíì pé tí ọkùnrin náà fi yọjú sẹ́nu ọ̀nà, táì lọ́wọ́, òógùn lójú.

"Tíṣà, ẹ gbà mí. Àwọn ọmọ yìí ń bi mí pé kí ló dé. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n kí ló dé tí wọ́n fi ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀run ló mọ̀."

Ó yẹ kó lé e jáde. Àga ló fà fún un. Bó ṣe ń lọ kọ́là ẹ̀wù ló ń ṣàlàyé. "Wò ó, bí mo bá ní mo jẹun lánàá, iyẹn ti lọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní mo ti jẹun, ikùn mi ṣì kún báyìí. 'Ti' yẹn náà ni Gẹ̀ẹ́sì ń wá kiri tó fi ń to ọ̀rọ̀ méjì lé ara wọn."

Ẹnu ọkùnrin náà là sílẹ̀. "Áà! Mo ti gbọ́ ọ yé."

"Ìwọ náà ti lò ó."

Báyìí ló di pé bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti tú, ọkùnrin náà a gba ilé ìfọṣọ lọ. Tíṣà sọ ọ́ lórúkọ: Afimúsọ̀rọ̀. Òun náà ń pe Tíṣà ní Ìyá Gírámà. Ó ń bá a ká aṣọ, kò mọ̀ ọ́n ká, wọ́n a sì tún un ká pọ̀. Lọ́jọ́ tí kò bá tètè dé, Tíṣà a máa lọ ẹ̀wù kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mejì.

Inú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò dùn. Awakọ̀ akẹ́rù ni, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. "Àbúrò, ìwọ ń gbìn, ẹlòmíì ń kórè. Iṣẹ́ rẹ lọmọkùnrin yẹn ń ṣe. Ọpọlọ rẹ ló wá ń fà mu, o sì ń rẹ́rìn-ín sí i."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Tíṣà lára. Ṣé òun lọkùnrin yìí ń wá wò ni, àbí ẹ̀kọ́ ọ̀la? Bí ọkùnrin náà bá rẹ́rìn-ín, Tíṣà a ní òun ni. Bó bá béèrè nǹkan gírámà, a ní ẹ̀kọ́ ni. Kò mọ èyí tí ì bá mú.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni Afimúsọ̀rọ̀ sáré wọlé. "Mo bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ rẹ! Ó ní bó bá jẹ́ pé o ní irú ìwé ìrìnnà tèmi ni, àwọn òbí á gbójú fo ohùn rẹ. Nítorí náà, fẹ́ mi. Bó pẹ́ bó yá, wàá gba ìwé náà, wọ́n á sì gbà ọ́ síṣẹ́."

Tíṣà gbé áyọ́ọ̀nù nàró. Ọ̀rọ̀ tó ti ń retí lọ́kàn ló gbọ́ yìí, ṣùgbọ́n ó dé bí aṣọ tí wọ́n wọ̀ sódì.

"Ìyàwó lò ń wá ni, àbí o ń ṣàánú mi?"

"Méjèèjì... rárá... mi ò mọ̀."

"Ẹni tí kò bá mọ̀, kó lọ bi ara rẹ̀ dáadáa."

Ó lọ lóòótọ́. Kò sì padà wá.

Tíṣà bínú, lẹ́yìn náà ló wá ń bínú pé òun bínú. Ọkàn kan ní òun ṣe é bó ṣe yẹ, òmíràn ní òun fi ọwọ́ ara òun ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pàápàá wò ó títí, ó ní, "O ti dákẹ́ jù nílé yìí. Arúgbó kékeré tó ń bá ọ ká aṣọ yẹn dà?"

Ní àkókò yẹn ni obìnrin tó ni hòtẹ́ẹ̀lì ìtòsí wọ ilé ìfọṣọ, òun àti àlejò rẹ̀ kan tó ń pariwo lórí kóòtù kan. Gẹ̀ẹ́sì ni àlejò náà ń sọ, ṣùgbọ́n irú èyí tí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ò gbọ́ rí. Tíṣà tẹ́tí sílẹ̀, ó bi í ní ìbéèrè méjì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ara àlejò náà sì rọ̀. Kì í ṣe àbàwọ́n ló ń bá jà. Kóòtù ẹlòmíì ni wọ́n gbé fún un.

"Níbo lo ti kọ́ ọ?" ni oníhòtẹ́ẹ̀lì béèrè.

"Tíṣà ni mí."

"Wá kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ mi."

Ojú ọgbẹ́ ṣì ń ro Tíṣà. "Mà, ohùn mi kì í ṣe èyí tí wọ́n ń wá o. Ìwé ìrìnnà mi náà..."

"Ta ló bi ọ́ léèrè ìyẹn? Gbogbo ayé ló ń sùn nílé mi, kálukú ló sì ní bó ṣe ń pe Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀. Ìwọ lo gbọ́ wọn, tìrẹ náà sì yé wọn. Ọjọ́ Ajé ni kó o bẹ̀rẹ̀. Èmi ni n ó bá ọ ṣe ìwé iṣẹ́ rẹ."

Ẹsẹ̀ Tíṣà ò gbà á lọ sílé lọ́jọ́ náà. Ẹnu géètì ilé-ẹ̀kọ́ ló gbé e lọ. Nígbà tí Afimúsọ̀rọ̀ jáde tó rí i, ìwé ọwọ́ rẹ̀ tú ká sílẹ̀. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń ṣà á.

"Mo ti fiṣẹ́ sílẹ̀," ni Afimúsọ̀rọ̀ wí láìgbójú sókè. "Mo kàn fẹ́ parí sáà yìí ni, àwọn ọmọ ò ṣẹ̀ mí. Mo sọ fún ọ̀gá pé ẹni tó lé lọ ló ń kọ́ wọn láti ẹnu mi. Ó ní kí n rẹ ohùn sílẹ̀, kí àwọn òbí má baà gbọ́. Ẹ̀rọ amúlétutù ni mo máa padà sí."

"Ìbéèrè tí mo ní kó o bi ara rẹ ńkọ́?"

"Mo bi í. Ká ní kò sí ilé-ẹ̀kọ́, ká ní kò sí ìwé kankan láyé, ẹ̀gbẹ́ ibi tó o ti ń lọ aṣọ yẹn ni mo fẹ́ máa jókòó sí. Ìwọ ni mò ń wá, Ìyá Gírámà. Ẹnu mi ló kọ́kọ́ gbé e sódì."

Tíṣà sọ ti hòtẹ́ẹ̀lì fún un. Inú rẹ̀ dùn, lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì díẹ̀. "Ó túmọ̀ sí pé o ò nílò ìwé ìrìnnà mi mọ́."

"Mi ò nílò rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi wá. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Ọkùnrin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ṣé kì í ṣe èmi ló yẹ kí n béèrè ni?"

"O béèrè lẹ́ẹ̀kan, o fi ṣòfò. Dá mi lóhùn."

"Mo gbà. Mo gbà, olólùfẹ́ mi." Ó kó àwọn ìwé náà mọ́ àyà. "Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ọ̀pọ̀ nǹkan ò dá mi lójú. Bóyá a máa pẹ́ ní ìlú yìí, mi ò mọ̀. Bóyá ẹ̀gbọ́n mi á jẹ́ kó o jókòó, mi ò mọ ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n ìwọ dá mi lójú."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Afimúsọ̀rọ̀ dúró láàárín yàrá ẹ̀gbọ́n Tíṣà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ìyá-ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n ká ọwọ́ méjèèjì láyà, kò ní kó dìde.

"Kí lo fẹ́ fi àbúrò mi ṣe?"

"Kò sí nǹkan kan tí mo fẹ́ fi wọ́n ṣe, ẹ̀gbọ́n. Mo kàn fẹ́ máa gbọ́ ohùn wọn bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, bó ṣe wà yẹn gan-an, láìtún un ṣe."

Ẹ̀gbọ́n yíjú sí fèrèsé, ó wú ikọ́ tí kò gbé e, ó sì ké sí àbúrò rẹ̀ ní kíṣìnnì.

"Kí lò ń wò níbẹ̀ yẹn? Wá gbé àga fún àna mi."